Kọ́tábáàkì wa ń retí físà, àwọn rìsífà wa sì pọ̀ ju àyè lọ

Akọ́niÀgùdà:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ẹgbẹ́ flag football kan ní Sùúrùlérè (bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń fa àsíá ìbàdí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù yọ dípò kí wọ́n gbé e ṣubú) ni mo jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá fún, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan kí ìdíje wa tó bẹ̀rẹ̀. Kọ́tábáàkì wa, tó jẹ́ pé òun ló ń ju bọ́ọ̀lù fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ti rí ìwé ìgbaniwọlé gbà ní yunifásítì kan ní Kánádà, físà nìkan ló kù kó fi gbéra. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ bóyá oṣù tó ń bọ̀ ni tàbí ọdún tó ń bọ̀, n kò sì lè bá a wí, torí ẹni tí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kò lè dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Akọka. Apá rẹ̀ le, kì í sì í ṣe ojo, àmọ́ ọlọ́wọ́ òsì ni, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìfigagbága kankan fún wa rí.

Ìṣòro kejì ni ti àwọn rìsífà, ìyẹn àwọn tó ń sáré lọ gba bọ́ọ̀lù mú. Ènìyàn 5 péré ni òfin gbà kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kó sórí pápá. Tí a bá yọ kọ́tábáàkì kúrò, tí a sì yọ sẹ́ńtà tó ń fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí i, àyè mẹ́ta ló kù, rìsífà mẹ́jọ ni mo sì ní, gbogbo wọn ló ń dá owó pápá. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ń ṣojúsàájú, gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti padà sọ́wọ́ wa ni mo máa ń pààrọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú wọn dùn sí i, ṣùgbọ́n kọ́tábáàkì ń ráhùn pé ibi tí òun bá ju bọ́ọ̀lù sí, òun kì í bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ta ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ ìdíje yìí, báwo ni kí n sì ṣe pín àyè mẹ́ta fún ènìyàn mẹ́jọ?

ỌmọLáfíàjí:

Ẹ kú làálàá, akọ́nimọ̀ọ́gbá. Tèmi ni pé kí ẹ ti gbé ọmọ Akọka síwájú láti ìsinsìnyí. Àwọn Green Bay Packers ní NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, lè ní sùúrù: ọdún 2005 ni wọ́n mú kọ́tábáàkì Aaron Rodgers nígbà tí Brett Favre ṣì wà ní ipò náà, ọdún mẹ́ta gbáko ló sì fi jókòó kí wọ́n tó fà á lé e lọ́wọ́ ní 2008. Ohun kan náà ni wọ́n ṣe fún Jordan Love, tí wọ́n mú ní 2020 tí kò sì di ọ̀gá kọ́tábáàkì títí di 2023. Ẹ̀yin kò ní ọdún mẹ́ta, bóyá ni ẹ fi ní oṣù mẹ́ta pàápàá.

Àpẹẹrẹ tó bá yín mu jù ni ti Kansas City ní 2017. Ẹ̀yìn kọ́tábáàkì Alex Smith ni Patrick Mahomes wà ní gbogbo sáà yẹn, àfi ìgbà tó ku eré kan ṣoṣo kí ìpele líìgì parí, tí wọ́n sì ní kó lọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Denver. Wọ́n borí, wọ́n sì gbé ẹgbẹ́ lé e lọ́wọ́ ní sáà tó tẹ̀ lé e. Láti ìbẹ̀rẹ̀ eré ni wọ́n ti fi í síbẹ̀, òun náà ló sì wà lórí pápá nígbà tí wọ́n fi borí. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ fún ọmọ yìí ní ànfààní nígbà tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú mélòó kan ìparí lẹ ń jù sí i, tí ẹ ti na ẹgbẹ́ kejì tán, tí kò sì sí ẹni tó ń sáré mọ́.

BàbáÀṣá_Yábàá:

Àbúrò mi láti Láfíàjí, mo gbọ́ ẹ yé, àmọ́ n kò fara mọ́ ọn tán. Ẹni tó ṣì wà nílé, a kì í ṣe é bí ẹni tó ti lọ. Ẹ wo ohun tí àwọn Atlanta Falcons ṣe ní 2024: oṣù kẹta ni wọ́n bá Kirk Cousins tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ọdún mẹ́rin tó tó 180 mílíọ̀nù dọ́là, nígbà tó sì di oṣù kẹrin, wọ́n tún lo ipò kẹjọ nínú yíyan àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù láti mú kọ́tábáàkì mìíràn, Michael Penix. Nígbà tí oṣù Kejìlá fi dé, Cousins ti wà lórí bẹ́ǹṣì. Lójú tèmi, wọ́n kó ìdààmú bá àwọn méjèèjì, torí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù tó sì ń wẹ̀yìn kò lè rí iwájú dáadáa.

Ẹgbẹ́ tèmi ni Philadelphia Eagles, ẹ jẹ́ kí n fi tiwọn ṣàlàyé. Ní oṣù Kejìlá 2017, kọ́tábáàkì wọn, Carson Wentz, fi orúnkún ṣèṣe, sáà yẹn kò sì rí i mọ́. Nick Foles ló gba ipò rẹ̀, òun náà ló sì borí New England Patriots pẹ̀lú 41 sí 33 nínú Super Bowl, àṣekágbá NFL, ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejì 2018. Kì í ṣe pé wọ́n ti lé Wentz kúrò tẹ́lẹ̀ kí Foles lè rí àyè. Foles kàn wà ní ìmúra sílẹ̀ ni. Ọmọ wa Nelson Agholor, rìsífà wọn tí wọ́n bí sí Èkó níbí (n kò sì ní yé sọ ọ́), gba bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án mú lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní sáà tó ṣáájú, wọ́n ti fẹ́ẹ̀ gbàgbé rẹ̀, torí ẹ̀gbẹ́ pápá ni wọ́n ń fi í sí, bọ́ọ̀lù sì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n fi rìsífà àárín wọn, Jordan Matthews, ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Buffalo ni wọ́n gbé e wá sí àárín, ibẹ̀ ló sì ti rí ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi ẹ̀gbọ́n tó wà ńlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ìdajì gbogbo ìgbáradì jẹ́ ti àbúrò.

Sẹ́ńtàObìnrin:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Sẹ́ńtà ni mí nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní ìhà Yábàá, ó sì dà bíi pé ọ̀rọ̀ àwọn rìsífà tí ẹ fò kọjá yìí gan-an ló ń ba ti kọ́tábáàkì jẹ́. Yáàdì 7 ni ẹni tó ń bọ̀ wá fa àsíá kọ́tábáàkì ti ń gbéra, nítorí náà bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ kí rìsífà tó yíjú. Ibi tí rìsífà yóò dé ni kọ́tábáàkì ń jù ú sí, kì í ṣe ibi tó wà. Tí ẹlòmíràn bá tún dúró níbẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá padà dé, tó jẹ́ pé ìṣísẹ̀ márùn-ún ni tirẹ̀ kó tó yà, tí ẹni àná sì ń yà ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta, kí ni kọ́tábáàkì fẹ́ mọ̀?

Pípààrọ̀ kò burú o. Ní 2023, ọ̀dọ́ tó wà ní ọdún kìíní tàbí ìkejì wọn ni Reed, Doubs, Watson àti Wicks tí Jordan Love ń ju bọ́ọ̀lù sí ní Green Bay, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó dé 1,000 yáàdì, síbẹ̀ bọ́ọ̀lù 32 tí Love jù ló di ayò. Iṣẹ́ oníkálukú ni wọ́n fi ń pààrọ̀ wọn. Ẹ̀yin náà, ẹ wo ohun tí òfin wa béèrè. Ìgbìyànjú mẹ́rin la ní láti kọjá àárín pápá, mẹ́rin mìíràn láti gba ayò. Tí ó bá ku yáàdì 5 sí àárín tàbí sí ìlà ayò, a kò gbọ́dọ̀ gbé bọ́ọ̀lù sáré, jíjù nìkan ló kù. Ẹ yan àwọn mẹ́ta tí ọwọ́ wọn dá jù fún ibi yáàdì 5 yẹn, kí wọ́n má sì yí padà, ẹni yòówù kó máa ju bọ́ọ̀lù. Ẹ yan ẹni méjì tó lẹ́sẹ̀ fún bọ́ọ̀lù ọ̀nà jíjìn. Àwọn mẹ́ta tó kù, kí wọ́n máa gba bọ́ọ̀lù kúkúrú, kí wọ́n sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ ó fi fa àsíá tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì. Ẹ rántí pé sẹ́ńtà náà lè gba bọ́ọ̀lù mú, ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá ló máa ń gbàgbé wa.

Ní ti ọwọ́ òsì, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Òdìkejì ni bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ òsì ń yí sí, ìrù rẹ̀ sì máa ń fà sí ẹ̀gbẹ́ tí ọwọ́ kò mọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gba irú rẹ̀, ó gbá mí láyà kó tó bọ́ sílẹ̀. Àmọ́ ó máa ń mọ́ni lára. Ọlọ́wọ́ òsì ni Penix náà, rìsífà Falcons, Drake London, tó ti fi ọ̀pọ̀ jù nínú sáà gba bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ ọ̀tún Cousins, ṣì gba 10 mú lọ́wọ́ rẹ̀ nínú eré tó kẹ́yìn sáà 2024.

Akọ́niÀgùdà:

Ẹ ṣeun púpọ̀, pàápàá ẹ̀yin sẹ́ńtà. Ọ̀rọ̀ yáàdì 5 yẹn wọ̀ mí lára. Ẹ̀gbọ́n ni n ó fi bẹ̀rẹ̀ eré àkọ́kọ́, n ó sì fún àbúrò ní odindi eré kejì, kódà bí físà kò bá tíì dé. Ìbéèrè kan ló kù: méjì nínú àwọn tó lọ́wọ́ jù ń bọ̀ láti Ìkòròdú, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kì í jẹ́ kí wọ́n dé kí ìgbáradì tó dé ìdajì. Ṣé kí n ṣì fi wọ́n sí ibi yáàdì 5?

Sẹ́ńtàObìnrin:

Tí wọn kò bá bá àbúrò ju bọ́ọ̀lù ní ìdajì àkọ́kọ́, ẹ gbé ìgbáradì ibi yáàdì 5 sí ìparí, kí àwọn méjèèjì sì dúró lẹ́yìn àwọn yòókù láti gba bọ́ọ̀lù ọwọ́ òsì títí iná pápá yóò fi kú. Tí wọ́n bá kọ̀ láti dúró, ẹ fi àwọn tó tètè dé síbẹ̀.