Ṣé wọ́n ṣi nọ́ńbà gíláàsì yìí kọ ni?

Abíọ́nà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé dókítà ojú sọ pé OD −2.00/−0.75×180, ADD +2.25. Ṣọ́ọ̀bù gíláàsì wá kọ −2.75/+0.75×90. Èwo ni ká gbà?

Akínwò: Ọ̀kan náà ni méjèèjì. Nínú ìwé dókítà, −2.00 ni SPH (agbára dígí fúnra rẹ̀), −0.75 ni CYL, 180 tó wà lẹ́yìn × ni AXIS. Ẹ ro SPH àti CYL pọ̀, −2.75 nìyẹn. Ẹ yí àmì CYL padà. Tí AXIS bá ju 90 lọ, ẹ yọ 90 kúrò. Tí kò bá jù ú lọ, ẹ fi 90 kún un. OD ni ojú ọ̀tún, OS ni tòsì. CYL wà fún ojú tí iwájú ẹyin rẹ̀ kò rí roboto dọ́gba, AXIS ló ń sọ igun tí wọ́n máa gbé CYL náà sí lára dígí.

Ìyá Ìbejì: ADD (agbára tí wọ́n ń fi kún SPH fún ìwé kíkà) gan-an ló ń da àwọn èèyàn láàmú. Wọ́n á rí +2.25, wọ́n á lọ ra gíláàsì ìkàwé +2.25 lọ́jà. Rárá o! Ẹ rò ó mọ́ SPH: −2.00 pẹ̀lú +2.25, ó ku +0.25 péré fún ìwé kíkà, CYL ò sì yí padà. Ẹni tó bá wọ +2.25 yẹn á máa gbé ìwé sún mọ́ imú ni.

Abíọ́nà: Ẹ ṣeun, mà. 6/18 ńkọ́?

Akínwò: Ohun tí ojú tó dá ṣáká ń rí láti mítà 18, ojú yìí gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn dé mítà 6. Kì í ṣe nọ́ńbà dígí o.