Ta ló ṣe àwo aláwòrán odò Thames yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ àwo àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwo pẹrẹsẹ ni, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25. Àwòrán aláró tó wà lójú rẹ̀ ni odò Thames ní Nuneham Courtenay, lẹ́bàá Oxford: afárá, ilé kékeré àti ọkọ̀ ojú omi. Òdòdó róòsì inú igbó ló yí etí rẹ̀ ká. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ amọ̀kòkò ló tẹ àwòrán kan náà, nítorí náà àwòrán nìkan ò lè tú àṣírí.

Kò sí orúkọ ẹni tó ṣe é lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí “England”, ó jọ pé ó ti wà ṣáájú 1891, ọdún tí òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n máa kọ orúkọ ilẹ̀ tí ọjà ti wá sí i lára. Nọ́ńbà 8 tí wọ́n fi aró kọ wà níbẹ̀. Àmì òṣìṣẹ́ lásán ni mo kà á sí. Níbi tí orí àti ìdí bébà tí wọ́n fi tẹ àwòrán etí sára àwo ti pàdé, òdòdó kan gé sí méjì.

Ṣé kí n ka fèrèsé ilé náà, kí n fi wé ti àwo tó lórúkọ? Àbí ẹsẹ̀ àwo, ìyẹn etí ìdí rẹ̀ tó fi ń jókòó, ló ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé jù? Ẹni tí tiẹ̀ bá ní àmì tí wọ́n tẹ̀ wọnú amọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí iná ti ẹ̀gbẹ́ wá tí ẹ bá ń ya fọ́tò rẹ̀. Bí iná bá kọjú sí i tààrà, àmì náà kì í hàn.