Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ajá tójú ẹ̀ hunjọ l'Ọ́yọ̀ọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ wá sọ tiyín

Bàbá Bruno, Tákíé: Ẹ kú ilé o. Pug ni mò ń sìn. Àwọn èèyàn á ní irun ẹ̀ ò gùn, kí ni mo wá ń tọ́jú, àmọ́ ibi tójú ẹ̀ ká yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wà. Tó bá jẹun tán oúnjẹ á há síbẹ̀, omi ojú á ṣàn síbẹ̀, kílẹ̀ tó mọ́ ó ti ń rùn bíi wàrà tó kan. Báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?

Mama Rocky: Òwú àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni o. Mo máa ń fìka la ibi tó ká yẹn, màá fi òwú tútù nù ún látinú wá síta, màá wá fi èyí tó gbẹ nù ún títí ọwọ́ mi ò fi ní kan omi mọ́. Èyí tó kẹ́yìn yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ń fọ̀ ọ́ tán wọ́n á fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, omi tó kù síbẹ̀ ló ń jẹ́ kó pọ́n kó sì máa bó.

Ọmọ Under G: Kó ṣáà ti gbẹ.

Ìyá Àkẹ̀sán: Gbogbo eléyìí torí ajá? Ajá ilé bàbá wa l'Ọ́yọ̀ọ́, òjò ló ń wẹ̀ ẹ́, ó sì ń lé olè.

Bàbá Bruno, Tákíé: Ẹ má bínú ma, ajá tiwa imú ẹ̀ gùn, ojú ẹ̀ ò hunjọ, ilẹ̀ yìí ti mọ́ ọn lára. Ṣáínà ni Pug ti wá, èèyàn ló ń ṣà á bí títí ojú ẹ̀ fi rí báyẹn, èèyàn náà ló gbọ́dọ̀ máa nù ún.

Ẹ̀gbọ́n Sábó: Ẹ fi òwú sílẹ̀ jàre. Ọṣẹ dúdú, kẹ́ ẹ fi àdín pa á lára, ó parí.

Mama Rocky: Àdín kẹ̀! Níbi tó ká? Ìdọ̀tí á lẹ̀ mọ́ ọn, omi ò sì ní ráyè jáde. Ọṣẹ dúdú náà le jù fún awọ ajá, awọ wọn ò rí bíi tiwa. Ṣámpù ajá ni kẹ́ ẹ rà.

Ẹ̀gbọ́n Sábó: Boerboel mi ń dán. Ẹ wá wò ó.

Ọmọ Under G: Ẹ̀gbọ́n, Boerboel ọmọ South Africa nìyẹn, iwájú orí nìkan ló ti hunjọ díẹ̀. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ lára Shar Pei, ajá tó hunjọ káàkiri yẹn, ká wò ó.

Adé Ìtọ́jú Ẹran: Ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Ọ́yọ̀ọ́. Èyí tó ń dùn mí jù ni oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń dà sí balùwẹ̀, àwọn kan á pò ó mọ́ omi wọ́n á fi wẹ ajá torí eégbọn, wọ́n gbé bulldog kan wá báyẹn, abẹ́ ojú ẹ̀ ti bó yánnayànna, kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dán an wò. Tó bá ti pọ́n, tó ń ṣomi, tó ń rùn, ẹ gbé e wá, kòkòrò tójú ò lè rí ló ti gba ibẹ̀, oògùn ló kù. Tó bá ju apá wa lọ, ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn la máa ń darí wọn sí. Ẹ sì máa wo ìdí ìrù bulldog, ibì kan ká wọnú níbẹ̀ tí wọn kì í rántí nù.

Mama Rocky: Ìdí ìrù! Ẹ ṣeun sà, mo ń lọ wo Rocky báyìí.

Ìyá Ìbejì: Ṣé mo lè wọ́n pọ́dà ọmọdé sí i?

Adé Ìtọ́jú Ẹran: Rárá ma. Tó bá kan omi á dì síbẹ̀, ajá á tún fà á símú.

Ìyá Àkẹ̀sán: Kí ló dé tí ajá tójú ẹ̀ hunjọ ti ìdílé ẹ̀yìn ilé wa ń mí hẹ̀ẹ̀ hẹ̀ẹ̀ lọ́sàn-án?

Bàbá Bruno, Tákíé: Imú ẹ̀ kúrú ni ma, ooru máa ń tètè mú wọn, ó lè pa á. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi síbi òjìji, kí wọ́n má mú un rìn lọ́sàn-án. Àárọ̀ kùtù lèmi ń mú tèmi jáde.

Ìyá Àkẹ̀sán: Màá sọ fún wọn.

Ìyá Ìbejì: Èèkánná ńkọ́? Tó bá ti rí mi pẹ̀lú nǹkan ìgékànná, abẹ́ àga ló ń sá lọ.