Ṣé iṣẹ́ abẹ àti oògùn akunilóorun máa ń dín agbára àjẹsára kù?

Àdùkẹ́ béèrè:
Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará wa. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún màmá mi láti yọ jẹjẹrẹ kúrò ní ọmú wọn. Ẹnìkan nínú ẹbí wa ní oògùn akunilóorun a máa pa agbára àjẹsára, pé jẹjẹrẹ náà lè torí bẹ́ẹ̀ padà, àti pé abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni kí a ní kí wọ́n gún wọn. Ẹ̀rù ti ń ba màmá. Ṣé òótọ́ ni?

Dókítà Akunilóorun:
Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ abẹ gan-an ló ń dín agbára àjẹsára kù ju oògùn lọ. Bí abẹ bá ti kan ara, ara á da cortisol àti adrenaline, èròjà tí ara máa ń tú jáde nígbà ìnira, sínú ẹ̀jẹ̀, ọwọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì àjẹsára tí a ń pè ní NK, tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, á sì rọ fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí wọ́n dán ọ̀rọ̀ oògùn wò lára obìnrin tó lé ní 2,000 tó ní jẹjẹrẹ ọmú, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019, bákan náà ni àìsàn ṣe padà sára àwọn tó fa oògùn símú àti àwọn tí a fi abẹ́rẹ́ pa àyà wọn kú: nǹkan bí 10 nínú 100. Abẹ́rẹ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn tí ẹbí yín mọ̀ lọ́dọ̀ àwọn aláboyún kọ́ ni a sì ń lò fún ọmú. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ní ọ̀kánkán àyà, ni a ń gún un sí.

Nọ́ọ̀sì Tíátà (yàrá iṣẹ́ abẹ):
Òtútù ni èmi máa ń ṣọ́. Oògùn akunilóorun kì í jẹ́ kí ara gbọ̀n láti mú ara rẹ̀ gbóná, bẹ́ẹ̀ tíátà tutù. Bí ara bá tutù, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún, ọ́síjìn tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun fi ń pa kòkòrò kò sì ní dé ojú ọgbẹ́ tó. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 1996, lára aláìsàn 200 tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìfun fún, ojú abẹ kẹ̀ lára 19 nínú 100 àwọn tí òtútù mú, ṣùgbọ́n 6 péré nínú 100 àwọn tí wọ́n mú kí ara wọn gbóná. Ẹ ní kí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo màmá dáadáa kí wọ́n tó gbé wọn wọlé.

Àdùkẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé wọ́n lè máa mu àgbo aáyù wọn lọ kí ara wọn lè le?

Dókítà Akunilóorun:
Rárá o. Aáyù lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà jù lójú abẹ. Kí wọ́n dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú, kí ẹ sì sọ gbogbo ohun tí wọ́n ń mu fún dókítà wọn. Bí wọ́n bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò láti ìsinsìnyí.