Ọ̀gbìn inú ìgò lèmi fara mọ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ lórí orúkọ Yorùbá tá a máa fún tissue culture, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń gé díẹ̀ lára ewéko, tí wọ́n á sì mú un dàgbà nínú ìgò. "Àṣà ara ewéko" tẹ́nì kan fi túmọ̀ ẹ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀, ṣé ewéko ọ̀hún ń jó bàtá ni? "Ìgbìn inú ìgò" táwọn kan mú wá ló sún mọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, àmọ́ òun gan-an ni mo fẹ́ bá jà.

Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n á gé ṣóńṣó ibi tí ewéko ti ń rú, wọ́n á fi bílíìsì fọ̀ ọ́, wọ́n á wá kì í bọ ìgò tí jẹ́lì wà nínú ẹ̀, ágà tí wọ́n ń rí lára koríko òkun ni wọ́n fi ń sè é, ṣúgà gíráàmù 30 sí lítà kan, pẹ̀lú àwọn iyọ̀ tí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Murashige àti Skoog, to jọ lọ́dún 1962, wọ́n á ti kọ́kọ́ se jẹ́lì náà dé 121°C kí kòkòrò kankan má ṣẹ́ kù. Nínú àwọn èròjà tó ń darí bí ewéko ṣe ń dàgbà, cytokinin ló ń jẹ́ kó pẹ̀ka, auxin ló ń jẹ́ kó ta gbòǹgbò. Ewéko Anubias tó ń hù létí odò ní Naijíríà àti Kamẹrúùnù, tó máa ń fà bí kò ní dàgbà mọ́, báyìí ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di púpọ̀ fáwọn tó ń sin ẹja nínú gíláàsì.

Wàyí o, ta ló ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? "Igbin inu igo" lẹ máa rí, ìgbín sì lọ̀pọ̀ máa kà á sí, bẹ́ẹ̀ torí kí ìgbín má bàa bá ewéko wọlé gan-an làwọn èèyàn ṣe ń ra ti inú ìgò o! Ní Ifẹ̀ níbí ńkọ́, ọ̀dọ̀ Ọbàtálá lọkàn wọn máa lọ tààrà. Ẹ̀gbọ́n tó ní ká ṣáà máa fi àmì sí i, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀ ò lámì kankan lórí sà.

Ọ̀gbìn ò ní wàhálà yẹn, gbogbo wa la mọ iṣẹ́ ọ̀gbìn. Àwọn kan nínú yín ní èso nìkan là ń gbìn, ta ló wá ń gbin èso ọ̀gẹ̀dẹ̀? Ọmọ ẹ̀ là ń yọ, a ṣì ń pè é ní gbígbìn, ọmọ náà ò sì yàtọ̀ síyàá ẹ̀, bí tinú ìgò náà ṣe rí nìyẹn. Pé ike ni wọ́n ń kó o sí tà báyìí, ìyẹn ò kan orúkọ.