Igbà wo ló fẹ́ rọ̀? Ìrírí wa nídìí ẹmu, láti Àjàṣẹ́ dé Ṣábẹ

Ọmọ Àjàṣẹ́:

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Ìbàdàn wá kí wa ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Ó ní òun ò wá wo ààfin, òun ò wá wo mọ́sálásí àtijọ́, ẹmu ni kí n mú òun lọ mu níbi tí wọ́n ti ń dá a. Mo ní ìyẹn ò le, Àjàrá ò jìnnà sí wa. A gun zem, ìyẹn ọ̀kadà, méjì, kí oòrùn tó yọ a ti dé apá odò tí wọ́n ń fi Faransé pè ní Rivière Noire. Omi yẹn dúdú bí aró lóòótọ́, igi ògùrọ̀ sì kún etí rẹ̀.

A bá bàbá kan nínú oko. Èdè Gun ni wọ́n ń sọ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Sákété ni ìyá bàbá yìí, Yorùbá dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, dọ̀bálẹ̀, ó kí i bí wọ́n ṣe ń kí adẹ́mu tó ń fi igbà gun ọ̀pẹ, ó ní, "Bàbá, igbà á rọ̀ o!" Bàbá wò ó, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Igbà wo ló fẹ́ rọ̀, ọmọ mi? Ṣé o ò rí ọ̀pẹ nílẹ̀ ni?"

Ọ̀pẹ wà nílẹ̀ lóòótọ́. Bíi mẹ́jọ ló nà gbalaja. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, adẹ́mu kì í sábà gun ọ̀pẹ. Wọ́n á gbẹ́ ìdí rẹ̀ yíká, wọ́n á gé gbòǹgbò, wọ́n á tì í ṣubú, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gé imọ̀ rẹ̀ kúrò, wọ́n á gbẹ́ ihò sí ọrùn rẹ̀ níbi tí ewé tuntun ti ń yọ, wọ́n á ki ọ̀pá oníhò bọ abẹ́ ibẹ̀ kí omi rẹ̀ lè máa kán sínú ìkòkò. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni bàbá ń lọ ha inú ihò náà, tó ń fi ìtùfù jó o. Ó ní bí òun ò bá jó o, ojú ihò á dí, ẹmu ò ní sun mọ́. Ọ̀pẹ kan á máa sun bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó gbẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi ò lè gbé e mì. "Ẹ pa igi nítorí ẹmu?" Bàbá ní èyí tó ti gbó, tí kò so dáadáa mọ́ lòun ń wó, ó sì fi ọmọ ọ̀pẹ tó gbìn sáàárín àgbàdo hàn wá. Ẹ̀gbọ́n mi ò fèsì. Èmi tí mo ti ń mu ẹmu láti kékeré, kò sọ sí mi lọ́kàn rí pé ó yẹ kí n káàánú igi. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, mi ò ní purọ́.

Bàbá bá bu ẹmu àárọ̀ sí igbá fún un. Ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Nígbà tó máa fi di igbá kejì, ó ti ń béèrè bóyá ilẹ̀ wà fún títà nítòsí!

Ẹ̀yìn ahéré ni wọ́n ti ń se sodabi. Ẹmu tó ti kan ló wà nínú àgbá irin lórí iná. Ooru rẹ̀ á wọ inú páìpù, páìpù náà á gba inú omi tútù kọjá, ọtí á wá máa kán tó, tó, tó sínú ìgò. Ẹ̀gbọ́n mi pariwo, "Ògógóró nìyí!" Mo ní rárá o, sodabi ni. Wọ́n ní orúkọ ìdílé kan ní Àláàdá ni, pé ọ̀kan nínú wọn ló kọ́ iṣẹ́ náà nílẹ̀ Faransé nígbà tó lọ jagun 1914 sí 1918. Èyí tó kọ́kọ́ kán, bàbá ò jẹ́ ká fi kan ẹnu. Ó dà á sọ́tọ̀.

Ọmọ Alákétu:

Ẹ ò tíì rí nǹkan. Mo ra ẹmu lítà 10 ní Ìpobẹ́, mo dé kẹ́ẹ̀gì pinpin kó má baà dà, mo gbé e sẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀ tasín. Oòrùn ń pa wá, ẹmu ń hó nínú lọ́hùn-ún, mi ò fura. A ò tíì dé Kétu tí ọmọrí fi fò bí ìbọn. Gèlè ìyá kan tó ń lọ síbi ìgbéyàwó rẹ gbingbin. Mo tọrọ àforíjì títí ẹnu mi fi gbẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dé ẹmu pa, ewé ni kẹ́ ẹ fi dí i lẹ́nu.

Ará Ṣábẹ:

Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀ rò pé ọ̀pẹ nìkan ló ń sun ọtí. Ní Ṣábẹ, ṣakpálo, ìyẹn ọtí ọkà bàbà, ni tiwa, obìnrin ló sì ń pọn ọ́n. Mo jókòó ti ìyá kan lábẹ́ òkè fún odindi ọjọ́ kan. Ó ti rẹ ọkà bàbà sómi, ó ti bò ó títí tó fi hù, ó ti sá a gbẹ, ó ti lọ̀ ọ́. Sísè tí mo bá ni sísè kejì, nítorí ó ti kọ́kọ́ sè é lánàá, ó sì fi sílẹ̀ mọ́jú kó kan díẹ̀. Mo tọ́ ọ wò, ó dùn. Mo ní, "Ìyá, ṣúgà yìí pọ̀ o." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ṣíbí gbá mi! Ilé iṣẹ́ ṣúgà wà nílùú wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fi hóró kan sí i. Ọkà tó hù yẹn ló ń mú un dùn. Ẹni tó bá fẹ́ kó pa òun á dúró dọjọ́ kejì.

Ọmọ Àjàṣẹ́:

Mò ń bọ̀ ní Ṣábẹ! Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí: báwo la ṣe ń kí adẹ́mu tí kò gun ọ̀pẹ? Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń bi mí láti Ìbàdàn.

Ọmọ Alákétu:

Kíkí kẹ̀? "Bàbá, ṣé ó ṣẹ́ kù?" la máa ń sọ.