Gíráǹtì àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ CAR-T mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Amẹ́ríkà ni mo wà, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí ní yunifásítì kan gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ tó ní láàbù tirẹ̀. Èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo la wà níbẹ̀.

A máa ń yọ sẹ́ẹ̀lì T, ọmọ ogun ara tó ń bá àìsàn jà, nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, a ó fi fáírọ́ọ̀sì tí a ti gba oró lẹ́nu rẹ̀ gbé jíìnì tuntun wọ inú rẹ̀, kí ó lè dá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ mọ̀, kí ó sì pa á. Òun ni CAR-T. Lára jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ó ti ṣe bẹbẹ; láti 2017 ni FDA, àjọ tó ń yẹ oògùn wò ní Amẹ́ríkà, ti fọwọ́ sí Kymriah, CAR-T kan, fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Jẹjẹrẹ tó di kókó ni agbára rẹ̀ kò tíì ká dáadáa. Èyí tí wọ́n ń pè ní triple-negative nínú jẹjẹrẹ ọmú, tí kò ní àmì mẹ́ta tí àwọn oògùn jẹjẹrẹ ọmú máa ń wá, ni mo dojú kọ. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju lára àwọn aláwọ̀ funfun lọ, òun ló sì pa àbúrò ìyá mi. Mesothelin, àmì kan tó wà lára apá kan nínú àwọn kókó yìí, ni mo kọ́ sẹ́ẹ̀lì mi láti máa wá.

Ohun tí mo rí rèé. Tí mo bá kọ́kọ́ da sẹ́ẹ̀lì T yìí sínú abọ́ tí jẹjẹrẹ ti tẹ́ sí, bí èèrà ṣe ń bo ṣúgà ni wọ́n ṣe ń bò ó. Kó tó di ọjọ́ kejì, ìsàlẹ̀ abọ́ ti mọ́. Mo tún da jẹjẹrẹ mìíràn sí i, wọ́n tún pa á. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọwọ́ wọn ń falẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, wọ́n kàn wà níbẹ̀ ni, roboto, wọ́n wà láàyè, àmọ́ wọn ò pa nǹkan kan, jẹjẹrẹ sì ń tàn kálẹ̀ lábẹ́ wọn. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn mẹ́ta ni mo ti dán an wò, ẹ̀ẹ̀kẹrin yẹn náà ni agbára gbogbo wọn ń pin sí.

Ẹ̀ka jẹjẹrẹ ti yunifásítì wa fẹ́ fún àwọn olùkọ́ tuntun ní gíráǹtì, owó ìwádìí, 50,000 dọ́là fún ọdún kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù láti fi ìwé ìbéèrè sílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo kọ̀wé sí àjọ kan tí owó tirẹ̀ ju èyí lọ, wọ́n sì dá a padà. Nǹkan mẹ́rin ni mo kó sínú ìwé yẹn: kí sẹ́ẹ̀lì má tètè rẹ̀, kí ó lè wọ inú kókó, kí ó má ba ẹran ara tó dá ṣáká jẹ́, kí a sì dán gbogbo rẹ̀ wò lára eku. Ọ̀kan nínú àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò kọ ọ́ pé iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá ni mo fẹ́ fi ọdún méjì ṣe. Ó dùn mí gan-an. Ṣé kí n mú ẹyọ kan nínú mẹ́rin yìí, àbí ìyẹn á kéré lójú wọn? Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, èwo?

Ẹ̀gbọ́n Baltimore

Àbúrò mi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè àbúrò màmá yín. Mo ti jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń yẹ irú ìwé yìí wò. Owó tí èèyàn fi ń gbẹ́ ilẹ̀ wò, bóyá àpáta wà nísàlẹ̀, kó tó pe bíríkìlà ni owó ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́. Mú ẹyọ kan. Ẹ̀ẹ̀kẹrin yẹn ni kí o mú.

Kí ló yí padà láàrin ẹ̀ẹ̀kejì àti ẹ̀ẹ̀kẹrin? Yọ díẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì náà lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, wo jíìnì tó ń pariwo àti èyí tó dákẹ́. Mú ọ̀kan tàbí méjì, fi CRISPR, ohun èlò tí a fi ń gé jíìnì, gé e, kí o sì dá sẹ́ẹ̀lì náà padà sójú ìjà. Bí wọ́n bá pa jẹjẹrẹ ní ẹ̀ẹ̀kẹrin àti ẹ̀ẹ̀karùn-ún, o ti rí àwòrán tí wàá fi ṣíwájú ìwé R21 nìyẹn, irú gíráǹtì kan ti NIH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń náwó sí ìwádìí ìlera. Owó iṣẹ́ inú R21 kò gbọdọ̀ ju 275,000 dọ́là lọ fún ọdún méjì, ojú ìwé mẹ́fà sì ni wọ́n fún ọ láti ṣàlàyé iṣẹ́. Wọ́n ní ẹ̀rí àkọ́kọ́ kò pọn dandan, àmọ́ ojú àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kì í kúrò lára rẹ̀. Bí o bá gbà á, kò ní kó ọ kúrò nínú àwọn tí NIH kà sí olùwádìí tuntun. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn oyè tó kẹ́yìn ni wọ́n fi ń kà á. Bí o bá bímọ láàrin rẹ̀, béèrè pé kí wọ́n fi ọdún kan kún un.

Ọ̀rọ̀ ẹran ara tó dá ṣáká yẹn, má yọ ọ́ kúrò pátápátá. Mesothelin díẹ̀ wà lára awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn. Ní 2010, NCI, ilé-iṣẹ́ ìwádìí jẹjẹrẹ ti ìjọba Amẹ́ríkà, gbé ìròyìn aláìsàn kan jáde tí wọ́n fún ní CAR-T tó ń wá HER2, àmì jẹjẹrẹ mìíràn. Wọ́n gbà pé HER2 kékeré tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì náà gbá mú. Ọjọ́ karùn-ún ló kú. Àwa tó pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ò gbàgbé. Kọ gbólóhùn méjì lórí bí wàá ṣe ṣọ́ ọ.

Ìyá Ìbejì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo fẹ́ ta kò yín díẹ̀. Bí kò bá sí eku rárá, wọ́n á ní inú abọ́ lásán ni. Eku NSG, tí kò ní àjẹsára tí yóò lé sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, ẹyọ rẹ̀ lé ní 100 dọ́là. Ọ̀wọ́ mẹ́rin, mẹ́jọ-mẹ́jọ, 32 nìyẹn: ó ti lé ní 3,200 kí a tó san owó àgọ́. Owó náà á ká a. Àsìkò ni kò ní tó. Èmi gba irú owó ọdún kan yìí rí, oṣù karùn-ún ni ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlò ẹranko tó fọwọ́ sí ìwé mi. Àbúrò, ẹ fi ìwé eku sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má dúró de èsì gíráǹtì. Ẹ má sì fi owó oṣù òṣìṣẹ́ sínú 50,000 yẹn, ó lè gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Ẹ̀gbọ́n Baltimore

Òótọ́ lẹ sọ, mo gbà. Ìdánwò eku kan ṣoṣo, ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn, bí sẹ́ẹ̀lì tí a gé bá kọ́kọ́ yege nínú abọ́. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí kò bá yege, o ò ní pa eku kankan.

Nọ́ọ̀sì London

Ẹ bá mi béèrè: ta ló ni ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta yẹn? Ọ̀pọ̀ nínú àwa aláwọ̀ dúdú la ní Duffy-null, àbùdá àjogúnbá kan tó ń mú kí neutrophil, irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan, kéré lára wa láìsí àìsàn, mo sì ti rí ẹni tí nọ́ńbà yẹn lé kúrò nínú ìdánwò oògùn. Bákan náà ni Tecelra, oògùn jẹjẹrẹ tí a fi sẹ́ẹ̀lì T ṣe, tí FDA fọwọ́ sí ní 2024: àwọn tó ní irú HLA-A*02 kan (HLA ni àmì àjogúnbá tó wà lára sẹ́ẹ̀lì wa) nìkan ló wà fún, kò sì wọ́pọ̀ lára wa tó ti àwọn aláwọ̀ funfun. CAR-T kì í wo HLA kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ síwájú ìwé yín, nítorí ọ̀nà tiyín kò ní ti ìlẹ̀kùn yẹn mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ béèrè bóyá yunifásítì yín ní owó àpapọ̀ ti American Cancer Society, tí ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ máa ń pín fún olùkọ́ tuntun. Ẹ wo ACGT (Alliance for Cancer Gene Therapy) náà, àjọ tó ń náwó sí ìwádìí jẹjẹrẹ. Edward àti Barbara Netter ló dá a sílẹ̀ ní 2001, wọ́n sì wà lára àwọn tó náwó sí iṣẹ́ Carl June, olùwádìí CAR-T, ní Pennsylvania kí Emily Whitehead, ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, tó gba CAR-T ní 2012. Gíráǹtì Irvington ti CRI (Cancer Research Institute), postdoc, ẹni tó ti gboyè dókítà àmọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ẹlòmíràn, ló wà fún, ẹ má fi àsìkò ṣòfò níbẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ìbéèrè Nọ́ọ̀sì London gbé mi dé ìdí fíríìsà lálẹ́ àná. Mo wo ìwé tó bá ẹ̀jẹ̀ náà wá: ọkùnrin ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àgbà inú wọn ò ju ọdún 31 lọ. Jẹjẹrẹ ọmú ni mo ń bá jà, mi ò sì tíì fi ẹ̀jẹ̀ obìnrin kan ṣe é rí! Mo ti ní kí wọ́n wá ti obìnrin mẹ́ta fún mi, tó ti lé ní 45, kí méjì ó kéré tán jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ìwé eku á wọlé lọ́la. Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo lè fi ojú ìwé àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí yín ní Ọjọ́bọ̀?

Ẹ̀gbọ́n Baltimore

Fi ránṣẹ́. Má fi ìtàn CAR-T bẹ̀rẹ̀ o, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Abọ́ ẹ̀ẹ̀kẹrin yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ rí.